Kí Ni Arìnrìn-àjò Ń Wá Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Onílé? Àlàyé lórí Yíya Àwòrán Ilẹ̀kùn

Ní àwọn ìlú tí àlejò pọ̀ sí káàkiri àgbáyé, ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ará àdúgbò lẹ́nu. Arìnrìn-àjò tó ti ọ̀nà jíjìn wá yóò kọ ẹ̀yìn sí ilé ìjọsìn ńlá tàbí ààfin tí gbogbo ènìyàn ń wò, yóò dúró síwájú ilẹ̀kùn ilé onílé, yóò sì máa yà á ní fọ́tò bí ẹni pé ọba ló dúró níbẹ̀. Ìṣe yìí ti tàn kálẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì débi pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwòrán ilẹ̀kùn ló ń pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń mú bọ̀ láti ìrìn-àjò. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ sì máa ń béèrè ohun mẹ́ta: kí ni wọ́n rí lára ilẹ̀kùn, ṣé òfin gbà wọ́n láyè láti ya ohun tí kì í ṣe tiwọn, àti pé kí ló dé tí ilẹ̀kùn tó dúró ṣánṣán lójú ẹni fi máa ń dà bí ohun tó fẹ́ wó sẹ́yìn nígbà tó bá di àwòrán.

Ìdáhùn tí à ń gbọ́ sí ìbéèrè kejì ló ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Ẹnì kan a ní ohunkóhun tó bá ti kọjú sí títì, ti gbogbo ayé ni; ẹlòmíràn a ní ìwà ọ̀daràn ni kí a ya ilé onílé láìgbàṣẹ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí mo rò pé ó ń tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn ní ojú méjì: ojú kan wà tí onílé dìídì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kí àlejò lè rí i, ojú kejì sì wà tó fi bo ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ láṣìírí. Ẹni tó bá mọ ààlà tó wà láàárín ojú méjèèjì yìí ni yóò ya ilẹ̀kùn dáadáa, tí kò sì ní ṣẹ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn rẹ̀.

Ibo gan-an ni ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló sì parí sí?

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ la máa ń pè ní ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ fún àlàyé yìí. Ẹnu-ọ̀nà ni àlàfo tí a dá sára ògiri kí ènìyàn lè gbà á wọlé. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni pákó tàbí irin tí à ń ṣí tí à ń tì. Férémù ni igi tàbí òkúta tó yí àlàfo náà ká, tó sì di ilẹ̀kùn mú, nígbà tí àtẹ́rígbà jẹ́ èyí tó dábùú lókè, tó ru ẹrù ògiri tó wà lórí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ayàwòrán, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ara pákó ni ìtàn ilẹ̀kùn wà. Ẹni tó bá sún mọ́ pákó jù, tí àtẹ́rígbà kò sì sí nínú àwòrán rẹ̀, lè ti fi ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà tàbí àdúrà tí wọ́n fín sí i sílẹ̀ láìmọ̀. Ní Stone Town, ìlú àtijọ́ Zanzibar tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2000, a máa ń rí ọ̀rọ̀ Kùránì lára àtẹ́rígbà, a sì máa ń rí ọdún níbẹ̀ pẹ̀lú. Kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ni wọ́n fi ka ọdún náà. Bí ènìyàn bá rí 1300 níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ilé náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún méje; 1300 nínú kàlẹ́ńdà yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1882, ó sì parí ní ìparí ọdún 1883 nínú kàlẹ́ńdà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lónìí. Ayàwòrán tí kò mọ èyí yóò kọ irọ́ sábẹ́ àwòrán tó dára.

Kí ni ilẹ̀kùn ń sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà?

Ẹ jẹ́ kí a ṣì wà ní Zanzibar, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìwé kíkà yìí ti rọrùn jù. Láyé àtijọ́, ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ilẹ̀kùn dúró kí wọ́n tó mọ ilé yí i ká. Ilẹ̀kùn ni àlejò fi ń mọ bí onílé ti lówó tó, àti ibi tí ìdílé rẹ̀ ti wá. Àwọn tó tẹ̀lé àṣà Lárúbáwá máa ń ní àtẹ́rígbà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára. Àwọn tó tẹ̀lé àṣà àwọn oníṣòwò tó ti Íńdíà wá sì máa ń tẹ̀ kọrọdọ lókè bí òṣùmàrè, pẹ̀lú ìṣó idẹ ṣóńṣó-ṣóńṣó tó tò lójú pákó. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe lórí ìṣó wọ̀nyí ni pé ní Íńdíà, wọ́n ń kàn án mọ́ ilẹ̀kùn odi ìlú kí erin ogun má baà fi orí gbá a wọlé. Kò sí erin ogun ní Zanzibar. Ohun tó jẹ́ ohun ìjà tẹ́lẹ̀ wá di ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀, ó di idẹ dídán tó ń sọ pé ẹni tó ni ilé yìí kì í ṣe ẹni kékeré.

Yàtọ̀ sí ìṣó, àwọn àmì mìíràn tún wà lára férémù: ẹ̀wọ̀n tí wọ́n gbẹ́ yí ẹnu-ọ̀nà ká, tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí ààbò, ẹja, tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ, òdòdó oṣíbàtà àti igi déètì. Láàárín abala méjèèjì ilẹ̀kùn, igi gbọọrọ kan máa ń dúró tó bo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ sì ni agbẹ́gilére máa ń lo gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ sí. Mo gbà gbọ́ pé ẹni tó bá dé iwájú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ yẹ kó fi kámẹ́rà sápò ná, kó fi ojú lásán wò ó láti òkè dé ilẹ̀ kó tó yà á, nítorí pé ohun tí a kò rí kí a tó tẹ bọ́tìnnì ni a kì í fi sáàárín àwòrán.

Nígbà mìíràn, etí ni ilẹ̀kùn ń bá sọ̀rọ̀. Ní Yazd àti àwọn ìlú àtijọ́ mìíràn ní Ìráànì, irin méjì tí a fi ń kan ilẹ̀kùn ló máa ń wà lára abala méjèèjì. Ọ̀kan gùn, ó sì wúwo, ìró rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ti ọkùnrin nìyẹn. Èkejì rí bí òrùka, ìró rẹ̀ sì fúyẹ́. Ti obìnrin nìyẹn. Ẹni tó wà nínú ilé yóò ti ipa ìró mọ̀ bóyá ọkùnrin ló dé tàbí obìnrin, wọn yóò sì mọ ẹni tó yẹ kó lọ ṣílẹ̀kùn. Bí ayàwòrán bá sún mọ́ irin kan ṣoṣo tó sì yà á, ó ti ya irin tó rẹwà. Ṣùgbọ́n àwòrán tí irin méjèèjì bá jọ wà nínú rẹ̀ ló sọ bí wọ́n ti ń gbé inú ilé náà.

Ní àwọn ìlú àtijọ́ Tùnísíà, ilẹ̀kùn kékeré kan máa ń wà nínú ilẹ̀kùn ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní khoukha. Ti ńlá ni wọ́n ń ṣí nígbà tí ẹrù, ẹran tàbí èrò púpọ̀ bá fẹ́ wọlé. Ti kékeré ni wọ́n ń gbà lójoojúmọ́, àfi kí ènìyàn tẹrí ba kó tó gbà á kọjá. Lára àwòrán, ìlà tó yí ilẹ̀kùn kékeré náà ká kì í hàn bí oòrùn bá kọjú sí i gan-an, nítorí náà ọ̀pọ̀ àlejò ló ti yà á láìmọ̀ pé ilẹ̀kùn méjì ni àwọn yà.

Ti Dublin ní Ireland yàtọ̀. Àwọn ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún yí Merrion Square ká jọra wọn bí ìbejì, nítorí pé ẹni tó ni ilẹ̀ ló ń là á sílẹ̀ bí iwájú ilé yóò ti rí. Ẹnu-ọ̀nà ni ibi tí ilé kan ti lè yàtọ̀ sí èkejì: òpó òkúta ní ẹ̀gbẹ́, irin ìkànlẹ̀kùn, àti fèrèsé tó là bí abẹ̀bẹ̀ lókè ilẹ̀kùn, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti mú ìmọ́lẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé mìíràn. Àwọn ìtàn dídùn pọ̀ lórí ìdí tí ọ̀dà ilẹ̀kùn wọ̀nyí fi yàtọ̀ síra, irú bí èyí tó sọ pé àwọn ìyàwó ló kùn ún kí ọkọ tó ti mutí yó má baà ṣìlé. Ìtàn ìdárayá ni wọ́n. Kò yẹ kí ayàwòrán kọ wọ́n sílẹ̀ bí òótọ́.

Ṣé ilẹ̀kùn tí à ń wò ni èyí tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ilẹ̀kùn idẹ aláwọ̀ wúrà tí oníṣẹ́-ọnà Lorenzo Ghiberti fi ọdún 1425 sí 1452 ṣe fún ilé ìrìbọmi ní Florence ní Ítálì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń yà jù láyé, ṣùgbọ́n àdàkọ ni èyí tó wà lára ilé náà láti ọdún 1990. Ojúlówó wà nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Wittenberg ní Jámánì, tí wọ́n ní Martin Luther, àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, kan ìwé rẹ̀ mọ́ ní 1517, ti jóná ní 1760, idẹ tí wọ́n fi sípò rẹ̀ ní 1858 ni àlejò ń yà. Bákan náà, ilẹ̀kùn dúdú tó wà ní 10 Downing Street, ilé olórí ìjọba Brítéènì ní London, dà bí igi lójú ẹni, irin tó le ni.

Èmi kò rí àléébù nínú kí a ya àdàkọ. Ohun tó yẹ ni kí a sọ pé àdàkọ ni.

Kí ló ń mú kí ilẹ̀kùn wó sẹ́yìn nínú àwòrán?

Gbogbo ènìyàn ló ti rí i pé bí a bá dúró lójú irin ọkọ̀ ojú irin, irin méjèèjì yóò máa sún mọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń jìnnà sí wa, títí wọn yóò fi dà bí ẹni pé wọ́n pàdé. Wọn kò pàdé. Ohun tó bá jìnnà ló máa ń kéré lójú. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀kùn. Bí a bá dúró nílẹ̀ tí a gbé ojú kámẹ́rà sókè kí orí ilẹ̀kùn lè wọ inú àwòrán, orí ilẹ̀kùn ti jìnnà sí wa ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, yóò sì kéré jù ú lọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò wá tẹ̀ sí ara wọn lókè. Ojú wa kì í ka èyí sí nítorí pé ọpọlọ ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn dúró ṣánṣán. Kámẹ́rà kò ní ọpọlọ tó ń bá a tún un ṣe.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a ka kámẹ́rà tàbí fóònù sí pátákó kan tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú ilẹ̀kùn: bí pátákó náà kò bá ní lè lẹ̀ mọ́ ọn pẹrẹsẹ, a ti gbé e ṣẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó dára jù láti gbé e sí ni ìdajì gíga ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tó ga tó mítà méjì ń béèrè kí kámẹ́rà wà ní nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ga ní láti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn dípò kí a gbé ojú kámẹ́rà sókè. Awò fóònù tó gba ibi púpọ̀ mọ́ra máa ń na etí àwòrán, nítorí náà ó sàn kí a jìnnà sí ilẹ̀kùn, kí a sì lo 2x, ìyẹn ohun tó ń fa àwòrán súnmọ́ ní ìlọ́po méjì, lórí fóònù tó bá ní in, ju kí a sún mọ́ ọn lọ. Ìlà tó pín ojú fóònù sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, tí a lè tàn nínú ètò kámẹ́rà, yóò fi hàn lójú ẹsẹ̀ bí férémù bá ti tẹ̀.

Bí òpópónà bá há tí kò sí ibi tí a lè sún sẹ́yìn sí, a lè tọ́ ọ lẹ́yìn tí a bá ti yà á, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò ìtúnṣe àwòrán lórí fóònù ló ní ohun tó ń na ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń gé etí àwòrán dànù nígbà tó bá ń tọ́ ọ, nítorí náà kí a fi àyè sílẹ̀ yí férémù ká láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ wo ló yẹ ilẹ̀kùn?

Ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ ohun tí a fẹ́ kí ó hàn. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ọ̀dà ni, ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn tàbí àkókò tí ilẹ̀kùn wà lábẹ́ òjìji ló dára, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yóò tẹ́ kárí, kò ní sí ibi tó ń dán jù. Bí ó bá jẹ́ ọnà gbígbẹ́ ni, ìmọ́lẹ̀ tó ń wá láti ẹ̀gbẹ́ ni a nílò, irú ti àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tó ń rá kọjá lójú pákó, nítorí pé òjìji kéékèèké tó ń dá sílẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọnà yọ jáde. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó wà ní British Museum ní London báyìí, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: àwọn ènìyàn orí rẹ̀ yọ síta débi pé orí àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pákó. Bí a bá yà á láti iwájú gan-an, ó lè dà bí ohun tó tẹ́. Bí a bá sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ọgbọ́n agbẹ́gilére náà yóò hàn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, a kò lè yí iná padà, ara wa la lè yí.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú: ògiri funfun tó di eérú nínú àwòrán. Kámẹ́rà kò mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú. Ó ń ṣe bí ẹni pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Bí ògiri funfun bá gba ibi púpọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Bí ilẹ̀kùn dúdú bá gba ibi púpọ̀, á fi kún un. Lórí fóònù, kí a fi ìka tẹ ojú ibi tí a fẹ́, kí a sì fà á sókè tàbí sísàlẹ̀ títí funfun yóò fi jẹ́ funfun.

Ṣé òfin gbà kí a ya ilẹ̀kùn ẹlòmíràn?

Ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ ni pé ẹ̀tọ́ méjì ni àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ onílé lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó lè ní kí a má dúró nínú àgbàlá òun, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àti Brítéènì àti Amẹ́ríkà nínú wọn, kò ní agbára láti dí ẹni tó dúró sí títì gbogbogbòò lọ́wọ́ kó má ya ohun tó hàn sí títì. Èkejì ni ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, ìyẹn agbára tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà ní láti sọ ẹni tó lè ṣe àdàkọ rẹ̀. Ní Brítéènì àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹ̀tọ́ yìí máa ń parí ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú oníṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn tí agbẹ́gilére ọ̀rúndún kejìdínlógún ṣe kò fi ní ìdíwọ́ lọ́nà yìí.

Iṣẹ́ tuntun ni ọ̀rọ̀ kù sí. Òfin Brítéènì ti ọdún 1988 gbà kí a ya ilé, ère àti iṣẹ́ ọwọ́ tó wà títí láé níbi tí gbogbo ènìyàn lè dé, ṣùgbọ́n kò dárúkọ àwòrán tí a fi ọ̀dà yà. Nítorí náà ilẹ̀kùn kan lè wà lábẹ́ òmìnira yìí kí àwòrán tí ọ̀dọ́ oníṣẹ́-ọnà kan yà sójú rẹ̀ má sí níbẹ̀. Ní Faransé, òfin ọdún 2016 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti lo àwòrán ilé àti ère tó wà ní títì, bí kò bá ti jẹ́ fún òwò. Ti Jámánì gba ti òwò pàápàá, àmọ́ ojú ìta nìkan, láti ojú títì. Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ gíga níbẹ̀ dájọ́ lórí fọ́tò ilé kan tí oníṣẹ́-ọnà Hundertwasser ṣe ní Vienna ní Austria: nítorí pé inú yàrá òkè kan lódìkejì ni wọ́n ti yà á, òmìnira ẹni tó wà ní títì kò bò ó.

A lè rí i pé ìbéèrè tí òfin ń bi wá ju ẹyọ kan lọ: ibo ni a dúró sí, ta ló ṣe iṣẹ́ náà, kí sì ni a fẹ́ fi àwòrán ṣe? Ẹni tó fẹ́ fi pamọ́ fún ara rẹ̀ kò níṣòro púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ wádìí òfin ibi tó wà.

Bí òfin bá gbà, ṣé ó ti tán nìyẹn?

Kò tán. Rue Crémieux ní Paris jẹ́ òpópónà kékeré tí ilé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ní ọdún 2019, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bẹ ìjọba ìlú pé kí wọ́n fi géètì tì í ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní àkókò kan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí pé àwọn tó ń ya fọ́tò lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbé pátákó sí àwọn ọ̀nà tó jẹ́ ti aládàáni ní Gion, ní Kyoto ní Jàpáànì, pé ẹni tó bá ya àwòrán níbẹ̀ láìgbàṣẹ yóò san 10,000 yẹ́ẹ̀nì. Ẹnì kan tó ya ilẹ̀kùn kan kò ṣe onílé ní ibi. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lójúmọ́ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀ ti sọ ilé rẹ̀ di ọjà.

Ibí yìí ni ojú méjì ilẹ̀kùn ti wúlò fún wa. Ilẹ̀kùn tí a tì pa ni ojú tí onílé kọ sí àlejò. Bí ó bá ṣí, inú ilé ni kámẹ́rà ń wò, àga, bàtà, ọmọ tó ń sáré kọjá. Ẹnikẹ́ni kò fi ìyẹn han àlejò. Kí a sọ kámẹ́rà kalẹ̀ títí wọn yóò fi tì í. Bí ẹnì kan bá jáde, kí a kọ́kọ́ kí i, kí a sì sọ ohun tó wù wá lára ilẹ̀kùn rẹ̀ kí a tó béèrè. Onílé ló sábà máa ń mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ìgbà tí wọ́n kùn ún kẹ́yìn, kò sì sí ìwé tí a ti lè ka irú rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, kí a kúrò níbẹ̀, bí òfin tilẹ̀ wà lẹ́yìn wa.

Kí ló yẹ kí a kọ mọ́ àwòrán, kí ló sì yẹ kí a yọ kúrò?

Fóònù máa ń kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí a dúró sí pamọ́ sínú fáìlì àwòrán bí a bá ti gbà á láyè láti mọ ibi tí a wà. Fún àkójọ ti ara ẹni, ó dára púpọ̀, nítorí pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò sẹ́ni tó ń rántí òpópónà tó ti ya ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ gẹ́lẹ́ bó ti rí, ẹni tó gbà á lè tọ ipa rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní ibi tí a ti lè yọ ọ́ kúrò kí a tó fi ránṣẹ́. Kí a tún wo àwòrán dáadáa bóyá nọ́ńbà ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tí a kọ sára aago ẹnu-ọ̀nà. Nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn lè rẹwà, àmọ́ orúkọ yẹn kò sí lára ẹ̀ṣọ́.

Ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ àwòrán ni ìlú, àdúgbò, ohun tí a fi ṣe ilẹ̀kùn, àmì tó wà lára rẹ̀, àti ọdún tí a yà á. Mo tẹnu mọ́ ọdún nítorí pé wọ́n máa ń tún ilẹ̀kùn kùn, wọ́n máa ń tà á, iná máa ń jó o, oníṣòwò ohun àtijọ́ sì máa ń rà á lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tó bá padà dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lè bá ilẹ̀kùn irin níbi tí ti igi wà tẹ́lẹ̀, ìṣó idẹ yóò ti lọ, àtẹ́rígbà tí wọ́n fín ọdún sí nìkan ni yóò ṣì wà lókè.